Ilé búrẹ́dì kò san owó ẹyin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mò ń kó ẹyin fún ilé búrẹ́dì kan, kéréètì 40 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n jẹ mí báyìí, ₦1,320,000. Tí mo bá sin owó mi, "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" ni. Ṣé kí n mú ọlọ́pàá lọ bá wọn? — Ẹlẹ́yin, Agége.

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọlọ́pàá lọ. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Ẹ má sì lọ dógò tì wọ́n bíi tayé àtijọ́, kí ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọn á fi san owó. Ó lè sọ ẹ̀yin olówó di arúfin.

Àwìn ni kí ẹ dá dúró, ẹ má dá ọjà dúró. Látòní lọ, kí owó wọlé kí ẹyin tó sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì kọ "ẹyin ọ̀sẹ̀ yìí" sí tíránsífà náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń ṣìṣe: ₦220,000 á wọlé, oníbúrẹ́dì á ní gbèsè àtijọ́ lòun fi san, ìṣirò á dàrú.

Ẹ wá kó gbogbo ìwé tí wọ́n fi gba ẹyin jọ. Ṣé déètì wà níbẹ̀, àti iye kéréètì, àti orúkọ ẹni tó gbà á? Ìbuwọ́lùwé wúruwùru tí kò ní orúkọ kò gbè yín, torí ohun tí onígbèsè máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé "tọjọ́ yẹn kò pé, ó sì fọ́." Ọ̀gá gan-an ni kí ẹ lọ bá. Ẹ jọ ṣírò gbèsè náà, kó buwọ́ lu ìwé kan pé òun jẹ yín ní ₦1,320,000, òun á sì máa san ₦220,000 ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Bó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì, ẹ gbé e lọ sí bánkì kí oṣù mẹ́ta tó pé sí déètì ara rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà torí pé owó kò sí ńlẹ̀, ìyẹn ni ọlọ́pàá lè dá sí.

Bó bá tún yẹ àdéhùn, Small Claims Court, kóòtù gbèsè kéékèèké tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, ló kàn. Gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́, 60 ọjọ́ ni wọ́n là sílẹ̀ láti parí ẹjọ́, ẹ sì lè rojọ́ fúnra yín láìní lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé sin owó náà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnì, orúkọ tó wà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀, ni kí ẹ pè lẹ́jọ́, ẹ má gba ti pátákó ìta gbọ́. Bí kì í bá ṣe kọ́ńpìnì, orúkọ ọ̀gá náà gan-an ni kí ẹ kọ.