Ṣé kí a to eyín ọmọ nísinsìnyí, àbí kí a dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Eyín iwájú òkè ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, yọ síta, wọ́n sì ń pè é ní eléyín gan-n-gan. Dókítà eyín kan ní kí a bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Èkejì ní kí a dúró títí yóò fi pé ọdún 12. Èwo ni kí n ṣe? — Ìyá ọmọ, Manchester.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kevin O'Brien, ti yunifásítì ìlú tí ẹ ń gbé gan-an, ló ṣáájú àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ohun tí ẹ béèrè yìí. Wọ́n kó ọmọ 174 jọ, láti ọdún 8 sí 10, tí eyín òkè wọn yọ síta, wọ́n sì ṣẹ́ kèké lé wọn lórí: àwọn kan lo Twin-block lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn ike méjì tó ṣeé yọ, tó ń ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú bí ọmọ bá ti pa ẹnu dé, àwọn yòókù sì dúró. Kèké yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí pé bó bá jẹ́ òbí tàbí dókítà ló yàn, a kò ní mọ̀ bóyá ìtọ́jú ló mú ìyàtọ̀ wá tàbí bí àwọn ọmọ náà ti rí tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2003, eyín àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ti wọlé, inú wọn sì dùn sí ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èsì ọdún 2009, lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti parí, fi hàn pé kò sí ìyàtọ̀ mọ́ nínú àgbọ̀n, nínú eyín tí a ní láti yọ, tàbí nínú ojú tí ọmọ fi ń wo ara rẹ̀. Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ló pààrà ilé ìwòsàn jù, tí owó wọn sì pọ̀ jù.

Àǹfààní kan ṣì kù, tí àkópọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ láti Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fìdí rẹ̀ múlẹ̀: eyín iwájú àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ kì í sábà kán tó ti àwọn tó dúró. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí pé eyín tó kán ní ọdún 9, bí a tilẹ̀ fi ohun ìdíyín funfun tún un ṣe, àtúnṣe náà yóò máa gbó, yóò sì máa gba àtúnṣe mìíràn títí ọmọ náà yóò fi dàgbà.

Nítorí náà, ẹ wò ó nígbà tí ó bá jókòó jẹ́ẹ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Bí ètè rẹ̀ kò bá lè bo eyín náà láìjẹ́ pé ó fún un pọ̀, tí ó sì jẹ́ ọmọ tó ń sáré tó ń fò kiri, tàbí tí ó ń sunkún bọ̀ láti ilé ìwé, èmi yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó tún lo wáyà eyín ní ọdún 12. Bí èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró láìfòyà, ṣùgbọ́n ẹ ra ike ìdáàbòbo eyín fún un tí yóò máa fi sẹ́nu bó bá ń ṣeré ìdárayá.