Èsì: Ọ̀sẹ̀ kan kò tó láti yí adágún Michigan po

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ kan tó láti ya fọ́tò gbogbo ilé ìmọ́lẹ̀ (ilé gogoro tí iná orí rẹ̀ ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà) tó yí adágún Michigan ká. Kò lè tó o! Kò sí ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ilé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó ti Michigan. Ẹ mú etí omi apá ìlà oòrùn nìkan, láti St. Joseph dé Point Betsie. Apá yẹn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí náà inú adágún ni oòrùn ń wọ̀ sí, lẹ́yìn ilé ìmọ́lẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ oòrùn àárọ̀ lẹ fẹ́, ilé ìmọ́lẹ̀ Wind Point ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní òdìkejì adágún, ni.

Nínú àwọn ilé ìmọ́lẹ̀ náà, Big Sable Point ni mo fẹ́ràn jù. Ọdún 1867 ni wọ́n kọ́ ọ, ọ̀dà dúdú àti funfun ló wà lára rẹ̀. Mọ́tò yín kò ní dé ìdí rẹ̀: ẹ ó rìn tó kìlómítà mẹ́ta láti ibùdó àgọ́ inú ọgbà Ludington, nítorí náà ẹ má di ẹrù rẹpẹtẹ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, òkùnkùn ni ẹ ó bá padà. Ilé ìmọ́lẹ̀ Little Sable kò ní ọ̀dà lára, bíríkì rẹ̀ sì máa ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ilé ìmọ́lẹ̀ ti ìlú Holland, tí wọ́n ń pè ní Big Red, ẹ yà á láti òdìkejì omi, ní Holland State Park.

Bí ìgbì bá ń gun orí ògiri kọnkéré tó wọ inú adágún ní Grand Haven tàbí St. Joseph, ẹ má gun ibẹ̀ rárá. Ó ti gbé ènìyàn lọ rí. Etí iyanrìn ni kí ẹ ti yà á.