Ọkọ ti Malawi dé, ara rẹ̀ gbóná, kò sì rí oorun sùn

Ọkùn o, ìyàwó wa. Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn.

Ẹ ní ọkọ yín lo ọ̀sẹ̀ méje ní Nsanje, ní gúúsù Malawi, pẹ̀lú àwọn tí ìjọ rán lọ bá àwọn tí odò Shire lé kúrò nílé tún ilé kọ́. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tó ti padà sí Ìsánlú. Láti àná ni ara rẹ̀ ti ń gbóná, kì í sùn, ó ń kanra mọ́ àwọn ọmọ, pásítọ̀ sì ti kéde ìdúpẹ́ fún Sunday tó ń bọ̀. Ẹ wá ń béèrè èwo lẹ ó kọ́kọ́ mú ńbẹ̀. Ara gbígbóná yẹn ni. Ìdúpẹ́ lè dúró. Ibà tó bá ènìyàn ti ibi omíyalé bọ̀ kò ṣe é fi dúró.

Ẹ mú bírò àti ìwé kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ kọ ọjọ́ tó kúrò ní Malawi, iye ọ̀sẹ̀ tó lò níbẹ̀, pé ó wọ omi odò àti omi àgbàrá, pé ó sùn ní àgọ́ tí èrò pọ̀ sí, bóyá ajá bù ú jẹ, àti gbogbo oògùn tó ń lò. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni pé wọ́n á fọwọ́ kan ọrùn aláìsàn, wọ́n á ní "ibà àti táífọ́ọ̀dù ni," wọ́n á kọ oògùn méjèèjì láìbéèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè, kẹ́ ẹ sì fi ìwé yẹn lé dókítà lọ́wọ́.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí kọ́lẹ́rà. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ márùn-ún ló máa ń fara hàn, ọjọ́ mọ́kànlá sì ti kọjá ibẹ̀. Màléríà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí láti nǹkan bí ọjọ́ keje lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá ti jẹni ló ń yọjú. Ẹ má gbà kí wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀. Kí wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sí ike àyẹ̀wò pélébé yẹn, tàbí kí wọ́n wò ó lábẹ́ maikirosíkópù. Tó bá jẹ́ òun ni, tí wọ́n sì fún un ní artemether-lumefantrine oní 20/120, hóró 4 ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kejì ni wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó di àárọ̀ àti alẹ́. Tó bá jẹ́ oní 80/480, hóró kan ló dípò mẹ́rin. Oúnjẹ tó ní epo tàbí ọ̀rá díẹ̀ ni kó fi lò ó, torí lórí inú òfìfo, díẹ̀ ni ara máa ń gbà nínú oògùn náà. Tó bá bì láàárín wákàtí kan, kó tún ìwọ̀n yẹn lò. Àwọn tí ibà tún padà sára wọn lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀pọ̀ wọn ló dá oògùn dúró lọ́jọ́ kejì nígbà tí ara tutù.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí màléríà, ẹ má tíì padà sílé. Omi tó ya wọ ilé máa ń gbé ìtọ̀ eku kiri, kòkòrò inú rẹ̀ sì ń gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé. Leptospirosis ni orúkọ àìsàn náà, ẹ pe orúkọ yẹn fún dókítà. Láàárín ọjọ́ 2 sí 30 ló ń yọ. Ó jọ ibà púpọ̀, àfi pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa dun ún débi pé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ojú á sì pọ́n láìsí ìpin. Doxycycline ń ṣiṣẹ́ fún un tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Tí ẹyinjú bá di pupa rúsúrúsú bí ata ilẹ̀, tí ìtọ̀ bá dínkù tàbí ó dúdú bíi Coca-Cola, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń ṣarán, tàbí tí ọrùn bá le, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ẹ má sùn mọ́ ọn.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, parasítámọ́ nìkan: hóró méjì oní 500 mg, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà síra wọn, kó má kọjá mẹ́jọ lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ diclofenac ní kẹ́míìsì, torí ó ń wu kíndìnrín léwu, ibẹ̀ náà sì ni leptospirosis ń bá jà. Ẹ jẹ́ kí àgbo náà dúró ná. Mo mọ̀ pé ìyá á ti gbé ìkòkò kaná. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ ní tí ojú bá pọ́n báyìí, dókítà kò ní mọ̀ bóyá àìsàn ló fà á tàbí àgbo.

Àtọ̀sí ajá, ìyẹn bilharzia tí aràn inú omi ń fà, tún wà níbẹ̀. Odò Shire àti adágún Malawi kún fún un, ẹni tó bá sì wọ omi náà lẹ́ẹ̀kan lè kó o. Ọ̀pọ̀ ń fi ìwàǹwára ba ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́: wọ́n á lo praziquantel, oògùn aràn náà, lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé, wọ́n á rò pé ó parí. Aràn tó ṣì kéré kì í kú sí oògùn yẹn. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí ọjọ́ tó wọ omi kẹ́yìn, kó tó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Ìtọ̀ tó tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kó gbé lọ, ìgbà yẹn ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú rẹ̀. Oògùn náà jẹ́ 40 mg fún kílò kan. Ẹni tó wọn kílò 60 á lo hóró mẹ́rin oní 600 mg. Ẹ kọ ọjọ́ yẹn sára kàlẹ́ńdà ara ògiri báyìí, torí ara á ti yá nígbà náà, ẹ ó sì gbàgbé. Tó bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni ní ọsibítù ìjọba.

Àwọn bàtà réènbúùtù tó mú bọ̀ ńkọ́? Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò pátápátá ná, torí ẹrẹ̀ máa ń pa agbára bílíìṣì. Lẹ́yìn náà, ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà, tí ìgò bá kọ 3.5%, kẹ́ ẹ rì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn.

Ó ku àìsùn àti ìkanra, ibẹ̀ ló sì dùn mí jù fún yín. Wákàtí kan péré ni aago Malawi fi ṣíwájú tiwa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àárẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni. Ọkàn rẹ̀ ṣì ń ṣọ́ omi ni. Òjò á bẹ̀rẹ̀ lórí páànù ní aago méjì òru, ẹ ó rí i tó fò dìde, tó ń kó báàgì àti bàtà àwọn ọmọ kúrò nílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó mọ̀ pé Ìsánlú lòun wà. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ohùn òkè lé e lórí. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ẹ sọ ibi tó wà, ẹ ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ kó rí i pé ó gbẹ, ẹ fún un lómi mu.

Ní ti ìkanra, ẹ rántí pé ife ni wọ́n fi ń wọn àgbàdo fún ìdílé níbi tó ti ń bọ̀. Tó bá rí i táwọn ọmọ da ìrẹsì sẹ́yìn ilé fún adìyẹ, á jágbe. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe àwọn ni bàbá ń bá jà. Kó má jẹ obì tàbí mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, kó má wo fídíò omíyalé lálẹ́, kó máa rí iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ ṣe láàárọ̀ tí ibà bá ti lọ. Bí àwọn kan bá ní kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta torí "ẹ̀mí tó tẹ̀lé e bọ̀," ẹ kọ̀. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà débi pé ó ní kí òun kú, ní Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19, oorun àti oúnjẹ ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fún un, lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣìṣe kan tí àwọn olóore ọkàn máa ń ṣe: wọ́n á pe e jókòó lálẹ́ kan, wọ́n á ní kó sọ gbogbo ohun tó rí kó lè fúyẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kò fọwọ́ sí irú ìyẹn fún ẹni tí jàm̀bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣojú rẹ̀, torí kò dènà ìpalára ọkàn. Ẹ wá àgbàlagbà kan tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ láì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, kí wọ́n jọ máa rìn lọ sóko. Ohun tó bá fẹ́ sọ ni kó sọ. Tí àlá burúkú àti ìjágbe bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tàbí kò lè padà sẹ́nu iṣẹ́, dókítà ọpọlọ ti kàn án. Tó bá sọ pé ikú wu òun, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan; ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ lọ bá pásítọ̀ fúnra yín, kí ìdúpẹ́ sún sí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síwájú. Ẹ fi Máàkù orí 6, ẹsẹ 30 àti 31 hàn wọ́n: àwọn àpọ́sítélì ti iṣẹ́ dé, wọ́n ròyìn fún Jésù nìkan, Ó sì ní kí wọ́n wá sinmi. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ìṣẹ́jú méje tó fún ẹ̀rí. Kó dárúkọ ìjọ tó gbà wọ́n lálejò níbẹ̀, torí àwọn ni wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ náà lọ. Àwòrán mẹ́ta tó, ti ilé àti kànga, kó má fi ojú ọmọ ọlọ́mọ hàn láìgba àṣẹ òbí. Fọ́tò tó bọ́ sórí WhatsApp ìjọ ní Ìsánlú lè padà dé Nsanje kí ilẹ̀ tó ṣú, ìtìjú ńlá sì ni fún ìyá tí wọ́n ya ọmọ rẹ̀ níhòòhò.

Àwọn ará Nsanje á ti máa pè é, wọ́n á máa tọrọ owó. Kó má gé wọn kúrò, ẹni téèyàn jọ ru búlọ́ọ̀kù kì í ṣe àjèjì. Ṣùgbọ́n kó yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ìpè, kó sì fi owó tó bá ní ránṣẹ́ gba ọwọ́ ìjọ ibẹ̀. Owó tó gba ẹ̀yìn wọ ilé kan ní àgọ́ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé mẹ́wàá. Àwọn ẹbí tó ń béèrè ohun tó mú bọ̀ láti òkè òkun, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá wọn lóhùn: kò sẹ́ni tó san owó oṣù fún un. Kó tètè ṣe fọ́tókópì àwọn risíìtì rẹ̀ pẹ̀lú, torí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí bébà dídán máa ń parẹ́ nínú ooru wa yìí.

Tí odò Ọya bá tún kún ní Lọ́kọ́ja bó ṣe kún ní 2012 àti 2022, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Ẹ ní kò tíì lè lọ, àfi tí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹjọ bá ti jáde, tó sì ti sùn mọ́jú lójò fún oṣù kan gbáko.