Má tíì pín nọ́ńbà yẹn o, ibo ni ikú wà nínú ẹ̀?

Àbúrò, mo ka ìbéèrè ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o fi EQ-5D-5L ṣe iṣẹ́ (ìwé ìbéèrè ìlera tó ní apá márùn-ún, apá kọ̀ọ̀kan ní ìpele 1, kò síṣòro, dé 5, ó burú jù), o ń gbé ipò ìlera méjì méjì síwájú àwọn èèyàn kí wọ́n mú èyí tó sàn jù, o fi conditional logit, mọ́dẹ̀lì ìṣirò fún ohun táwọn èèyàn yàn, tò ó, nọ́ńbà ẹ sì jáde dáadáa. O wá bi mí pé ṣé kí o pín gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ti 55555 (ìpele 5 ní gbogbo apá), kí 11111 (ìlera pípé) jẹ́ 1, kí 55555 jẹ́ 0, kí o fi ṣírò QALY, ìyẹn iye ọdún tá a fi bí ìlera ṣe dára tó wọ̀n. Rárá o! Ohun tí èmi náà ṣe gan-an nìyẹn, ojú mi sì rí màbo.

Lórí òṣùwọ̀n QALY, 0 kì í ṣe ipò tó burú jù, ikú ni. Tó o bá kàn ń bi èèyàn pé A àbí B, tí ikú ò sí níbẹ̀, tí iye ọdún ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹ ò ju pé ìrora yìí wúwo ju àìlèrìn yẹn, àti bó ṣe wúwo jù ú tó. Bí èyíkéyìí ṣe jìnnà sí ikú tó, wọn ò sọ ọ́, torí o ò bi wọ́n. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé lójú tiwọn, 55555 burú ju ikú lọ, o ti purọ́ mọ́ wọn nìyẹn.

Súpáfáísọ̀ mi fọwọ́ sí tèmi. Onímọ̀ ìṣirò wa fọwọ́ sí i, ó tún ń rẹ́rìn-ín pé "ó ṣáà ti wà láàárín 0 sí 1, kí lo tún ń wá?" Ọjọ́ tí mo lọ gbèjà iṣẹ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò ṣí tábìlì mi, ó fi bírò tọ 0.00 tó wà níwájú 55555, ó ní "ṣé òkú lẹni yìí?" Mo ní rárá sà. Ó ní "kí ló wá ń ṣe nílé òkú?" Mo wojú súpáfáísọ̀, fóònù ẹ̀ ló ń wò. Oṣù méje ni mo fi gba dátà míì látìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi dá sí i nínú àwọn tó fọwọ́ sí i.

Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, mo fi iye ọdún sí gbogbo ìbéèrè: o máa wà báyìí fún ọdún 4, lẹ́yìn náà o máa kú, èkejì, ọdún 10. Nínú mọ́dẹ̀lì, ọdún á dá dúró, gbogbo ìpele ìlera á sì di ìlọ́po pẹ̀lú ọdún. O máa wá fi ti ọdún pín ti ìlera. Ká sọ pé ọdún gba 0.40, ìrora ìpele 5 gba -0.16, -0.40 nìyẹn, yọ ọ́ kúrò nínú 1, 11151 (ìrora nìkan ló wà ní ìpele 5) di 0.60. Tí ìpele 5 márààrún bá kó jọ di -0.48, -1.20 nìyẹn, 55555 bọ́ sí -0.20, kò sẹ́ni tó tì í. Ti bí wàá ṣe to àwọn ìbéèrè yẹn, kọ̀ǹpútà á ṣe é, kò le.

Tí ọ̀gá kan bá ní kí o sáré lọ ṣe mixed logit, mọ́dẹ̀lì tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì, bi í léèrè ná: nọ́ńbà ọdún tó o fi ń pín yẹn, tó bá lọ ń yí láti ẹnì kan sí èkejì, tó sún mọ́ òdo lọ́dọ̀ àwọn kan ńkọ́? Ìdáhùn ẹ á fò lọ sánmà. Kí o sì yẹ àwọn tó ń tẹ ìdáhùn gbuurugbu láìka ìbéèrè wò, ẹnì kan nínú tèmi mú apá òsì 12 nínú 12.

Ṣùgbọ́n dátà ẹ ò tíì ṣòfò o. Lọ gba TTO lọ́dọ̀ àwọn èèyàn (ìbéèrè tó ń wádìí iye ọdún ìlera pípé tó bá ọdún nínú àìsàn dọ́gba lójú wọn), kí o wá da méjèèjì pọ̀ sínú mọ́dẹ̀lì kan. Ìlànà EQ-VT gan-an, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye ipò EQ-5D-5L, ń gba méjèèjì lẹ́nu ẹnì kan náà, ìbéèrè TTO 10, yíyàn méjì méjì 7.

Ẹ̀n-ẹ́n, o tún bèèrè iye èèyàn tó máa tó, mo ti gbàgbé. Ìbéèrè mélòó lo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?