Kámẹ́rà wo ló yẹ ká rà láti gba ijó bàtá wọ kọ̀ǹpútà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣe àwòrán alárìnká ní Kubwa, níbí ní Àbújá. A fẹ́ máa gba ijó bàtá sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ka ìṣísí ara oníjó láìlẹ àmì kankan mọ́ ọn lára, ká wá gbé e wọ àwọn ẹ̀dá inú eré wa. Yàrá wa gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní mítà 9. Ẹnì kan tó ń ta kámẹ́rà ní Wuse ní ká ra 4K mẹ́ta, pé bí àwòrán bá ṣe mọ́ tó ni kọ̀ǹpútà á ṣe ríran tó. Oníṣẹ́ CCTV kan ní òun á bá wa so mẹ́jọ ní iye owó kan náà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má gbọ́ tẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Kámẹ́rà mẹ́fà tí àwòrán wọn ò ju píksẹ́lì (àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 1440 sí 1080 lọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà, á bá yín ṣe iṣẹ́ yìí ju 4K mẹ́ta tí kálukú wọn ń ṣe tirẹ̀ lọ.

Sọ́fíwíà tó ń wá oríkèé ara, irú RTMPose tí Pose2Sim (sọ́fíwíà tó ń kó ohun tí kámẹ́rà púpọ̀ rí pọ̀ di ìṣísí kan) ń lò, kì í jẹ gbogbo àwòrán tó o bá gbé fún un tán. Ibi tí ènìyàn wà ló máa gé jáde, á wá sún un kì títí tá á fi di píksẹ́lì 256 sí 192. Èyí tó tóbi lára wọn ń lo 384 sí 288. Ibẹ̀ ni gbogbo owó 4K yẹn máa wọlẹ̀ sí. Ohun tó o nílò ni kí oníjó kún àwòrán dáadáa. Wo kámẹ́rà tó ní sẹ́ńsọ̀ (ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀) IMX273 ti Sony: tó o bá fi lẹ́ǹsì mílímítà 6 sí i, tó o sì gbé e jìnnà ní mítà 5, á rí nǹkan bíi mítà 4 ní ìbú àti mítà 3 ní òró. Oníjó tó ga ní mítà 1.75 á gba nǹkan bíi píksẹ́lì 600 nínú 1080, ìyẹn ni pé píksẹ́lì kan dúró fún nǹkan bíi mílímítà 3. Ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Fi téèpù sàmì sílẹ̀ ní àárín yàrá, mítà 3 sí 3, kí ó jó nínú rẹ̀. Bó bá sún mọ́ kámẹ́rà kan jù, ọwọ́ tó nà sókè lè yọ kúrò nínú tìyẹn, àwọn tó kù á ṣì máa rí i.

Àkókò gan-an ni kí o náwó lé lórí. Kámẹ́rà fóònù àti ti CCTV, láti òkè ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń ka àwòrán wálẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì. Kí wọ́n tó kà á dé ìsàlẹ̀, mílísẹ́kọ́ǹdù 10 sí 20 lè ti lọ. Bí ọwọ́ oníjó bá ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o ra èyí tí wọ́n ń pè ní global shutter, tó ń gba gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí àwọn kámẹ́rà yà á pa pọ̀. Bó o bá ń ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, mílísẹ́kọ́ǹdù 20 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kí kámẹ́rà méjì fi ìdajì ìyẹn péré ṣáájú ara wọn, wọ́n á máa jiyàn sẹ̀ǹtímítà 5 lórí ibi tí ọwọ́ wà. Sọ́fíwíà á pín in sáàárín, ìgúnpá á wá máa gbọ̀n bíi tẹni tí ibà mú. Pípàtẹ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè fi to fídíò wọn pọ̀ lẹ́yìn náà, kò tán an: àwòrán tó súnmọ́ jù lo lè fi bá ara wọn mu, aago inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan á sì tún máa yà lọ díẹ̀díẹ̀. CCTV ló burú jù níbí, nítorí kò ní ibi tí wọ́n ti lè pàṣẹ fún un pé “yà á báyìí”. Wá èyí tó ní ojú ibi tí wáyà trigger ń wọ̀, tàbí èyí tó ń fi PTP bá àwọn yòókù ṣe aago lórí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó ń tà á kò bá mọ èyí tó ní nínú méjèèjì, megapixel (iye píksẹ́lì) nìkan ló ń rò fún ọ, máa bá tìrẹ lọ.

Kí nìdí tó fi jẹ́ 50, tí kì í ṣe 60? Iná wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni, gílóòbù á sì máa ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kì í rí i, kámẹ́rà ń rí i. Bó o bá ń ya 60, ìmọ́lẹ̀ á máa lọ sókè sódò láti àwòrán kan sí èkejì. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, tí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, 50 yẹn fúnra rẹ̀ ò dúró sójú kan mọ́. Iná LED tó ń lo bátìrì, tí kì í ṣẹ́jú, ni kí ẹ rà, ẹ má fi owó rẹ̀ ra kámẹ́rà. Ẹ máa nílò rẹ̀ púpọ̀, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ bá ń ya bàtá: ọwọ́ á fà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ní 1/500, sẹ̀ǹtímítà 1 ni, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ìṣáájú ló ń wọlé. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń yí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú kámẹ́rà. Bí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn oníjó, kámẹ́rà tó ń yí i fúnra rẹ̀ máa ń mú kí àwọ̀ dúdú wa ṣókùnkùn jù. Apá oníjó ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ògiri.

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo máa yàn ju USB3 lọ. Ó lè gùn tó mítà 100, iná kámẹ́rà á sì gba inú rẹ̀ kọjá. USB3 ń ṣe wàhálà lẹ́yìn mítà díẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ra níbi swíìṣì, àpótí tí gbogbo wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pàdé. Kámẹ́rà kan á máa rán nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 78 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn gígábíìtì kan ò sì lè gbé ju 125 lọ. Mẹ́fà ti di 467. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn sínú swíìṣì kan, tí okùn gígábíìtì kan ṣoṣo jáde sí kọ̀ǹpútà, àwòrán á máa jábọ́ lójú ọ̀nà, ẹ ò sì ní mọ̀ títí oníjó á fi lọ sílé. Kí okùn tó lọ sí kọ̀ǹpútà jẹ́ ti gígábíìtì 10, kí díísìkì sì jẹ́ NVMe, irú tó ń yára kọ nǹkan sílẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kan á jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 28.

Ti pátákó dúdú-funfun tí wọ́n fi ń ṣe calibration, ìyẹn fífi han kọ̀ǹpútà ibi tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe ń ríran: ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí báńà flex. Ó ń ká. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì tàbí pákó tó le, kí ẹ sì fi irin ìwọ̀n wọn àpótí rẹ̀ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà gbóná fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má ṣí lẹ́ǹsì kúrò lójú kámẹ́rà tí fáànù bá ń fẹ́.

Agbádá ò ṣeé lò. Orúnkún àti ìgúnpá á wọnú aṣọ lọ, sọ́fíwíà á sì máa méfò. Aṣọ tó fún ara ni kí ó wọ̀, ẹ ó ran agbádá náà sí i nínú kọ̀ǹpútà tó bá yá. Àwọn onílù náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí wọn. Èèyàn kejì nínú àwòrán lè gba ọwọ́ oníjó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Bí owó ò bá tíì pé, OpenCap tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Stanford ń fi iPhone méjì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún, tiyín sì jẹ́ òwò. Èmi á ní kí ẹ ra kámẹ́rà méjì ná, kí ẹ so trigger, kí oníjó jó níwájú wọn, kí ẹ wo bóyá ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin. Nígbà tí ẹ bá padà lọ ra mẹ́rin tó kù, kí nọ́ńbà irú rẹ̀ (model) tó wà lára kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì bá ti àkọ́kọ́ mu pátápátá.