Kí Ni Ẹranko Ń Wá Nínú Ìjà Àwọn Ará Ṣáínà?

Ẹnì kan kọ̀wé béèrè ìdí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń fi orúkọ ẹranko pe oríṣiríṣi ìjà wọn, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀mí ẹkùn tàbí ti ejò ló máa ń gun oníjà. Inú bí mi nígbà tí mo kà á, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà máa sọ ohun tí kò wádìí fún gbogbo ayé.

Èrò tèmi, tí n kò sì ní yí padà, ni pé ìlera ló ṣíwájú ìjà nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1973, wọ́n hú aṣọ sílíìkì kan jáde láti inú ibojì kan ní Mawangdui, ní ìlú Changsha, èyí tí wọ́n ti bò láti ọdún 168 ṣáájú ìbí Jésù. Àwòrán èèyàn 44 tó ń na ara ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ẹranko, bí béárì àti ọ̀bọ, sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kan.

Lẹ́yìn náà ni Hua Tuo, oníṣègùn tó kú ní nǹkan bí ọdún 208, to eré ẹranko márùn-ún jọ: ẹkùn, àgbọ̀nrín, béárì, ọ̀bọ àti ẹyẹ. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ fún Wu Pu, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń mira, oúnjẹ a dà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn, àìsàn kò sì ní ráyè, bí igi tí ilẹ̀kùn fi ń yí kì í ṣe é jẹrà. Ó ní bí ara bá ń ṣe ọ́ bákan, dìde, ṣe eré ẹranko kan títí òógùn yóò fi bò ọ́; ara yóò fúyẹ́, oúnjẹ yóò sì máa wù ọ́ jẹ. Ìwé ìtàn wọn sọ pé Wu Pu lé ní 90 ọdún tí ojú, etí àti eyín rẹ̀ ṣì pé. Níbo ni ìjà wà nínú ìyẹn?

Àwọn oníjà ló wá yá ọgbọ́n náà lò. Dírágónì, ẹranko inú ìtàn àròsọ, wà lára ẹranko márùn-ún ti Shaolin gúúsù, ìyẹn ẹ̀ka ìjà kan ní gúúsù Ṣáínà. Ta ló ti rí dírágónì rí tí yóò fi sín in jẹ? Ohun tí wọ́n ń kọ́ lára ni orúkọ náà dúró fún: dírágónì fún ọkàn, ẹkùn fún egungun, àmọ̀tẹ́kùn fún agbára, ejò fún èémí; ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni ìkarùn-ún. 

Sinimá ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Àwọn ọmọ wa mọ ẹni tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn, wọn kò mọ Hua Tuo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn arúgbó Ṣáínà ṣì ń ṣe eré rẹ̀ ní ọgbà ìgbafẹ́ ní òwúrọ̀.