Ṣé omi ojoojúmọ́ lè gba igi tí a gbìn nínú ọyẹ́ là?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ olùtọ́jú àyíká ni wá ní Ọbáńtókò, l'Abẹ́òkúta. A fẹ́ gbin igi 200 sí ọgbà ilé-ìwé kan nínú oṣù kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó bá wálé ọdún. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa da omi inú ọ̀rá kan sídìí igi tirẹ̀ lójoojúmọ́. Irú ajílẹ̀ wo ni ká rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ sílẹ̀ ná. Oṣù kejìlá yẹn ni ìṣòro. Àwọn tó ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì máa ń sọ pé kò sí oṣù tí igi kì í yè bí omi bá ṣáà ti wà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ọjà tó kù sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fẹ́ tà.

Omi inú ọ̀rá kan kò ju ìdajì lítà lọ. Ẹ dà á sídìí ọmọ igi láàárọ̀, kí ẹ fi ìka wa ibẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Ẹ ó rí i pé omi ò wọlẹ̀ ju nǹkan bí oríkèé ìka kan lọ. Ìsàlẹ̀ gbẹ bí eérú. Gbòǹgbò kì í wá omi lọ síbi tó gbẹ, òkè níbẹ̀ ni yóò máa rá pálá, òkè yẹn náà sì ni oòrùn ń yan. Ní Abẹ́òkúta wa yìí, àpáta ò jìnnà sójú ilẹ̀ níbi púpọ̀, nítorí náà erùpẹ̀ tó lè pa omi mọ́ ò pọ̀. Ọyẹ́ tún ń fa omi lára ewé ju èyí tí gbòǹgbò kékeré lè fà gòkè lọ. Etí ewé á kọ́kọ́ gbẹ bí bébà tí iná rà. Ẹlòmíràn á rò pé ebi ló ń pa igi, á wá bu ajílẹ̀ òyìnbó sí i. Ìyẹn ló máa parí ẹ̀, nítorí iyọ̀ inú ajílẹ̀ ń gba ìwọ̀nba omi tó kù mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́.

Kí igi tó lè yè nínú ẹ̀ẹ̀rùn, yóò tó lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fún igi 200, lítà 4,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 160, títí òjò yóò fi dé ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Ta ni yóò pọn ọ́n nígbà tí àwọn ará Èkó bá ti padà?

Ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ni kí ẹ gbìn ín. Bí ẹ bá fẹ́ ayẹyẹ, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni Ọjọ́ Àyíká Lágbàáyé. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 45. Bí ẹ bá kan àpáta kó tó di 30, ẹ sún síwájú. Ẹ ya ọ̀rá dúdú tí ọmọ igi wà nínú rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ sì gé gbòǹgbò tó ti lọ́ yípo nídìí. Ibi tí igi ti pàdé gbòǹgbò gbọ́dọ̀ wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú ilẹ̀. Ní ti ajílẹ̀ tí ẹ bèèrè, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa tó. Tútù rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Kí ẹ fi ọparun ṣọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́ ò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Igi 50 tó ní ọgbà sàn ju 200 tí kò ní lọ.

A ò tíì rí ilẹ̀ náà o. Bí wáyà iná bá kọjá lókè, tàbí tó bá sún mọ́ etí odò, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun.

Àwọn àlejò ọdún náà níṣẹ́. Wọ́n lè tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí igi tó ti wà tẹ́lẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi, nítorí ikán. Kí wọ́n ro ilẹ̀ yí ọgbà ká ní mítà 3 kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé. Kí àwọn ọmọdé ka iye lékèélékèé tó ń wá sí pápá, ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò wọn. Kí wọ́n sì kó kóró àgbálùmọ̀ tí wọ́n bá jẹ jọ, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbìn ín sínú ọ̀rá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bó bá gbẹ, kò ní hù mọ́.